Ìyá tó bá ọmọ rẹ̀ wọkọ̀

Ọjọ́ tí Scribonia bímọ, ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé kò tíì ní orúkọ, torí àwọn ará Róòmù náà máa ń dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó sọ ọmọbìnrin lórúkọ. Ìyá rẹ̀ kò tíì dìde nílẹ̀ ìkúnlẹ̀. Ọkọ ti ní kó máa lọ.

Ọdún 39 ṣáájú ìbí Kristi ni. Ẹ̀yin náà mọ ọkùnrin yìí. Òun ni Késárì Augustus tí wọ́n ń ka orúkọ rẹ̀ sí wa létí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Kérésìmesì, ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ayé sílẹ̀, tí Jósẹ́fù àti Màríà fi forí lé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò tíì jẹ oyè Augustus. Octavianus ni wọ́n ń pè é, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 25. Julia ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ kan ṣoṣo tí Késárì yìí bí tó yè nìyẹn.

Ẹni tó bá ń sọ ìtàn àwọn obìnrin ilé Késárì, Livia tí Augustus fẹ́ lẹ́yìn Scribonia ló máa ń sọ, tàbí Messalina, ìyàwó Késárì Claudius, tàbí Julia fúnra rẹ̀. Scribonia ni ọkàn tèmi máa ń padà sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ dálémosú ni mí. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí màmá mi kúrò nílé bàbá mi. Ariwo ọjọ́ náà kọ́ ni mo rántí. Màmá àgbà ni mo rántí, ìyá tó bí màmá mi, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí tó háyà, tó wọlé, tí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àpótí onírin màmá mi ló kọ́kọ́ gbé. Ó rù ú fúnra rẹ̀, ó jáde, ó tún padà wá gbé èkejì. Títí tó fi re ibi àgbà ń rè, n kò gbọ́ kó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ìbáà ṣe ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe àna rẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi tí ìtàn Scribonia já sí, ohùn àpótí yẹn lórí sìmẹ́ńtì ni mo gbọ́.

Ìkọ̀sílẹ̀ ní Róòmù kò jọ èyí tí a mọ̀. Kò sí kóòtù, kò sí adájọ́, kò sí ìwé tí ìjọba máa fi òǹtẹ̀ lù. Ìgbéyàwó dúró lórí pé àwọn méjèèjì gbà láti jẹ́ ọkọ àti aya. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ní òun kò ṣe mọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ni *tuas res tibi habeto*. Bí èmi bá máa sọ ọ́ lédè wa, màá ní: "Kó ẹrù rẹ." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín ọ̀sán gangan ládùúgbò wa náà nìyẹn.

Obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ fún ọkọ. Ẹrù ọ̀hún sì jẹ́ ẹrù gidi, torí níbẹ̀, bàbá ìyàwó ló ń náwó, kì í ṣe ọkọ. Owó, ilẹ̀, ẹrú, ohun tí agbára bàbá bá ká ló fi ń di ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, bí ilé bá sì tú, ó yẹ kí wọ́n dá a padà. Ọmọ nìkan ni kì í bá ìyá lọ. Ti bàbá ni ọmọ. Scribonia kó ẹrù rẹ̀, Julia dúró sílé bàbá rẹ̀, ọwọ́ Livia ló sì dàgbà sí.

Ohun kan tún wà. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò kúrò lábẹ́ àṣẹ bàbá wọn rárá. Bí bàbá bá ṣì wà láàyè, òun ló ni àṣẹ, ọmọ ìbáà ti bí márùn-ún nílé ọkọ. Ó lè ní kó máa bọ̀ nílé. Nílé tálákà tàbí nílé oníṣòwò, òfin tó rọrùn báyìí lè gba obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ burúkú, mo sì gbà pé ó gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ní ilé Késárì, bàbá yẹn ló ń ṣàkóso láti Spéènì títí dé Síríà. Ẹni tó ń sọ "kó ẹrù rẹ" nílé yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ ọkọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ aya.

Ìṣèlú ló kúkú gbé Scribonia wá pàápàá. Ó ti ní ọkọ méjì rí, ó sì ju Octavianus lọ lọ́jọ́ orí. Ní ọdún 40 ṣáájú ìbí Kristi, Sextus Pompeius, ọ̀gágun kan tó ń bá Octavianus jà, fi ọkọ̀ ojú omi dínà oúnjẹ mọ́ Róòmù, ebi ń pa ìlú. Ọmọ arákùnrin Scribonia ni ìyàwó Sextus. Octavianus fẹ́ Scribonia kí ọ̀rọ̀ àna lè mú ọ̀rọ̀ ogun rọlẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ojú rẹ̀ fi kúrò níbẹ̀. Ó kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ìwà obìnrin náà ló sú òun. Antonius, tí òun àti Octavianus jọ ń ṣàkóso Róòmù nígbà náà, tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ní ohun tí Scribonia ṣe kò ju pé ó ráhùn nípa àlè ọkọ rẹ̀ lọ.

Livia wà nílé ọkọ tirẹ̀. Ó ti bí Tiberius, oyún oṣù mẹ́fà sì tún wà nínú rẹ̀. Octavianus ránṣẹ́ bi àwọn àlùfáà bóyá aboyún lè ṣègbéyàwó. Wọ́n ní ó lè ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 38, ọkọ Livia fúnra rẹ̀ ló fà á lé Octavianus lọ́wọ́, bí ìgbà tí bàbá bá ń fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà Livia bí Drusus, wọ́n gbé ọmọ náà padà fún bàbá tó ni ín, àwọn ará ìlú sì ń sọ ọ́ káàkiri pé olóríire ló ń fi oṣù mẹ́ta bímọ. Àwọn kan máa ń bú Livia. Èmi kì í bú u. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ọkọ tó yẹ kó dáàbò bò ó ló sì dì í lọ́wọ́ mú lọ fún ẹlòmíràn.

Julia dàgbà sídìí òwú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé àwọn obìnrin ilé òun ń ranwú, wọ́n ń hunṣọ, aṣọ tí wọ́n bá sì hun nílé ló máa ń wọ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n má sọ ohun kan, kí wọ́n má sì ṣe ohun kan, tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ojoojúmọ́ ilé náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ ti fi í ṣàdéhùn fún ọmọ Antonius. Nígbà tí ọ̀rẹ́ àwọn bàbá méjèèjì dàrú, bàbá Julia ló ní kí wọ́n pa ọmọkùnrin náà.

Ọmọ ọdún 14 ni, lọ́dún 25, nígbà tí wọ́n fi í fún Marcellus, ọmọ Octavia, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Lọ́dọ̀ wa, èèwọ̀ ni. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe èèwọ̀. Augustus kò sí níbi ìyàwó. Ó wà ní Spéènì, ara rẹ̀ kò yá. Agrippa, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ló dúró bíi bàbá ìyàwó. Lẹ́yìn ọdún méjì Marcellus kú. Julia di opó ní ọmọ ọdún 16. Maecenas gba Augustus nímọ̀ràn pé ó ti sọ Agrippa di ńlá débi pé ọ̀nà méjì péré ló kù: kó sọ ọ́ di àna, tàbí kó pa á. Bí ọkùnrin tó dúró bíi bàbá ìyàwó níjọ́sí ṣe di ọkọ ìyàwó nìyẹn, lọ́dún 21. Ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ni.

Agrippa ní ìyàwó nílé o. Marcella ni, ọmọ Octavia náà. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀, wọ́n sì fi í fún Iullus Antonius, ọmọ Antonius mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Julia bí ọmọ márùn-ún fún Agrippa. Ìkarùn-ún ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí Agrippa kú lọ́dún 12. Ọdún kejì, wọ́n ti tún rí ọkọ mìíràn fún un: Tiberius, ọmọ Livia.

Ibí ni mo máa ń dúró sí. Tiberius ní ìyàwó, Vipsania, ọmọ tí Agrippa bí kó tó fẹ́ Marcella. Ẹ wò ó: ìyàwó bàbá Vipsania ni wọ́n fẹ́ fún ọkọ Vipsania. Tiberius àti Vipsania fẹ́ràn ara wọn, gbogbo ẹni tó kọ̀wé nípa wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, oyún mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Augustus ní kí Tiberius kọ̀ ọ́, Tiberius sì kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì rí Vipsania. Kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń fojú bá a lọ, omijé ń lé ròrò lójú rẹ̀, ó ń wò ó títí, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń wo òun náà. Akíkanjú ọ̀gágun ni Tiberius nígbà yẹn. Òun ló wá di Késárì tó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n kan Jésù mọ́gi. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ṣọ́ ọ kó má bàa tún fojú kan obìnrin yẹn mọ́. Omijé Tiberius ni gbogbo ìwé ń sọ. Vipsania náà wà níbẹ̀. Òun ló gbé oyún jáde nílé. Wọ́n wá fi í fún Asinius Gallus, ó bí ọmọkùnrin púpọ̀ fún un, ó kú ikú ara rẹ̀ lọ́dún 20 lẹ́yìn ìbí Kristi, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí gbà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Tiberius ti Gallus mọ́lé, ebi ló sì kú sí níbẹ̀ lọ́dún 33. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìkan ni.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, lọ́dún 18 ṣáájú Kristi, Augustus ti ṣòfin lórí ìgbéyàwó. Obìnrin tó bá wà láàárín ọmọ ọdún 20 sí 50 gbọ́dọ̀ wà nílé ọkọ. Opó ní ọdún kan péré láti wá ọkọ mìíràn, ẹni tó kúrò nílé ọkọ ní oṣù mẹ́fà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ ogún ni kò ní lè gbà. Òfin kejì sọ àgbèrè di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba ń dá lẹ́jọ́. Obìnrin tí wọ́n bá dá lẹ́bi máa pàdánù ìdajì ẹrù ìyàwó rẹ̀ àti ìdámẹ́ta dúkìá rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sí erékùṣù. Ọkọ tó bá mọ̀ tí kò kọ̀ ọ́, wọ́n á pè é lẹ́jọ́ bí ẹni tó ń fi ìyàwó ṣòwò. Òfin yìí náà ló ní ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méje.

Ilé Tiberius òun Julia kò gún. Ọmọ kan tí wọ́n bí kú ní kékeré, wọ́n sì pín yà. Lọ́dún 6, Tiberius fi Róòmù sílẹ̀ lọ máa gbé ní erékùṣù Rhodes. Lọ́dún 2 ṣáájú Kristi, wọ́n kó ẹjọ́ Julia wá bá bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ó ń bá oríṣiríṣi ọkùnrin rìn. Wọ́n ní lóru, ní gbàgede ìlú, lórí pèpéle tí bàbá rẹ̀ ti kéde òfin àgbèrè gan-an, ni wọ́n ti ń jayé. Iullus Antonius ni orúkọ tó ṣáájú nínú àwọn ọkùnrin náà, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà kú. Bí Marcella ṣe di opó nìyẹn, obìnrin tó ti kó ẹrù jáde níjọ́sí nítorí Julia.

N kò ní sọ pé Julia kò ṣe ohunkóhun. Ó ṣeé ṣe kó ṣe é. Bí wọ́n bá fi mí fún ọkọ mẹ́ta láìbi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan, n kò mọ ohun tí èmi náà ì bá ṣe. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ló dùn mí. Tiberius wà ní Rhodes, kò mọ nǹkan kan. Bàbá Julia ló kọ ìwé náà, ó fi orúkọ Tiberius sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó bí. Nígbà tí Tiberius gbọ́, ó kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà, ó ń bẹ bàbá kó rọjú fún ọmọ rẹ̀. Bàbá náà kò gbọ́. Phoebe, obìnrin tó ti jẹ́ ẹrú Julia kó tó gba òmìnira, pokùn so lákòókò yẹn, Augustus sì ní ó sàn kí òun jẹ́ bàbá Phoebe.

Pandateria ni wọ́n gbé Julia lọ. Ventotene ni wọ́n ń pè é lónìí, nínú òkun ìwọ̀-oòrùn Ítálì. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò tó kìlómítà méjì níbùú lóròó. Ẹni tó bá rìn díẹ̀, òkun ló máa kàn. Wọn kò gbọ́dọ̀ fún un ní wáìnì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ aládùn. Ọkùnrin kankan, ìbáà jẹ́ ẹrú, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí ọkùnrin náà fún un, bó ṣe ga tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, àti àpá tó bá wà lára rẹ̀.

Ìgbà náà ni Scribonia jáde. Ọdún 37 ti kọjá tí wọ́n ti já ọmọ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn ìbímọ. Ó ti dàgbà. Ó nílé, ó lórúkọ, ó lẹ́bí ní Róòmù. Òfin kò kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì fi dandan mú un. Ìlà kan péré ni àwọn òpìtàn fi sọ ọ́: ìyá rẹ̀ Scribonia bá a lọ, tinútinú. Ó bá a wọkọ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀, ó ń wo òkun yẹn, ọdún márùn-ún gbáko.

Àwọn ará Róòmù bẹ Augustus pé kó dá Julia padà. Ó ní ó di ọjọ́ tí iná àti omi bá pò pọ̀. Wọ́n kó ògùṣọ̀ wá, wọ́n tan iná sí wọn, wọ́n ń jù wọ́n sínú odò Tiber. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn gidigidi. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó gbà kí wọ́n gbé e kúrò lórí erékùṣù wá sí Rhegium, lórí ilẹ̀ Ítálì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọ Róòmù mọ́. Lọ́dún 14 lẹ́yìn ìbí Kristi, Augustus kú. Ó fi í sínú ìwé ogún pé kí wọ́n má sin Julia sínú ibojì òun. Tiberius gorí oyè, ó fi owó oúnjẹ dù ú, Julia sì kú lọ́dún yẹn náà.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ní ọdún 16, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ti sá fún un, Scribonia wà nílé náà, ó ń gbà á nímọ̀ràn. Seneca, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó sọ ìyẹn, pè é ní obìnrin tó níláárí. Obìnrin tí Késárì ní ìwà rẹ̀ sú òun nìyẹn.

Agrippina, ọmọ Julia, náà kú sí Pandateria, lọ́dún 33. Ó ti di opó, Tiberius kò sì jẹ́ kó fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó wà lórí àìsàn lọ́jọ́ kan tí Tiberius wá kí i. Ó sunkún, ó ní kó jọ̀ọ́ fún òun lọ́kọ. Tiberius mọ̀ pé ọkọ Agrippina lè di alátakò òun. Ó dìde, ó jáde, kò dá a lóhùn. Òfin ní kí opó fẹ́ ọkọ, òfin kò sì lè gba opó yìí lọ́wọ́ Késárì.

Ọdún 62 ni wọ́n tún gbé ẹlòmíràn débẹ̀: Octavia mìíràn, ọmọ Késárì Claudius, ìyàwó Késárì Nero. Claudius ti sọ Nero dọmọ, nítorí náà Octavia àti Nero ti di ọmọ bàbá kan. Kí wọ́n tó lè so wọ́n pọ̀ lọ́dún 53, wọ́n kọ́kọ́ fi Octavia fún ìdílé mìíràn láti fi ṣe ọmọ, kó má bàa jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló ń fẹ́ àbúrò. Lọ́dún 62, Nero ní àgàn ni, ó kọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ Poppaea lẹ́yìn ọjọ́ 12. Wọ́n fìyà jẹ àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ kí wọ́n lè parọ́ àgbèrè mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn wo olórí àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́ lójú, ó ní ara ọ̀gá òun mọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú gbé ère Octavia lé èjìká, wọ́n da òdòdó sí i lórí. Èyí ló dẹ́rù ba Nero. Ó wá ẹlẹ́rìí èké mìíràn, ó tilẹ̀ ní Octavia ṣẹ́yún. Ó ti gbàgbé pé àgàn ló pè é.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ogún ọdún ni. Wọ́n dè é, wọ́n la iṣan apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé òun kì í ṣe ìyàwó Nero mọ́, àbúrò rẹ̀ lásán ni òun. Okùn ẹbí tí wọ́n já kí wọ́n lè fún un lọ́kọ, òun ló dì mú.

Messalina ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún 48. Àwọn ọmọ ogun ló pa á, nínú ọgbà. Lepida, ìyá Messalina, tí kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí nǹkan dùn, wá jókòó tì í lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ fún. Lọ́dún 54 wọ́n pa Lepida náà. Kò sí ìyá, kò sí ìyá àgbà, nínú ọkọ̀ tó gbé Octavia dé Pandateria.